Omi Òkun Tí Mo Pọn ní Bohikọ́n

Ẹja mẹ́fà ni mo pa. Bó bá jẹ́ pé ẹja nìkan ni, ǹ bá ti gbàgbé, n kì bá sì ti fi da ẹ̀yin òǹkàwé láàmú. Ṣùgbọ́n kí n lè bo ikú ẹja wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀, mo ba orúkọ obìnrin kan jẹ́. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò nígbà tí mò ń ṣe é.

Ìdáàṣà ni ilé wa, láàárín àwọn òkè. Ọkọ̀ ojú irin tó bá gbéra lọ́dọ̀ wa láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé Kútọnu létí òkun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ló ń kú láìrí òkun rí.

Ìyá bàbá mi ló tọ́ mi. Ìyá Ẹ̀ta là ń pè é, ojú rẹ̀ sì ti fọ́ kí n tó gbọ́n. Àbúrò bàbá mi, Grégoire, bá àwọn Faransé lọ, ó ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú omi wọn fún ọdún méjìlélógún. Ní ọdún 1963 ó fẹ̀yìn tì, ó padà wálé pẹ̀lú pípà, ìkòkò tábà tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, àti èrò kan tó ti ń gbé kiri tipẹ́. Tọ́ntọ̀n, bí àwọn Faransé ṣe ń pe àbúrò bàbá, ni gbogbo wa ń pè é.

"Ìyá," ó ní lọ́jọ́ kan, "ẹ ò lè dé òkun mọ́. Èmi á gbé òkun wá bá yín."

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Grégoire, ṣé ọtí àwọn òyìnbó ò tíì dá lójú ẹ ni?"

Kò mutí. Ó ra dígí tó nípọn, ó ní kí àwọn tó ń jó irin ṣe igun irin fún un, ó sì fi mastíìkì, àtè tí wọ́n fi ń lẹ dígí mọ́ fèrèsé, dí gbogbo ojú ìpàdé rẹ̀. Àpótí náà gùn tó ibùsùn. Orí pẹpẹ òkúta la gbé e kà, nínú yàrá tó tutù jù nílé. Akuaríọ̀mù ló pè é. Iná mànàmáná kò sí nílùú wa nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ẹja òkun ò lè wà láàyè nínú omi tí afẹ́fẹ́ ò sí. Tọ́ntọ̀n wá rọ́bà inú táyà ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta, ó so ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín mọ́ wọn. A ó fi pọ́ọ̀ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ wọn kún, afẹ́fẹ́ yóò máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ omi. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dì mọ́ pọ́ọ̀ǹpù yẹn.

Èmi ni. Bí mi ò bá sí nílé, Odile ni.

Odile ni ìyàwó tí Tọ́ntọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ láti Kèrè nítòsí wa. Wọ́n ti ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọdún kan àbọ̀ ti kọjá, kò tíì bímọ. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ tó bá nílé lórúkọ, bí ọmọ náà tilẹ̀ kéré. Yóò wá orúkọ mìíràn fún un, orúkọ tó bá ìwà rẹ̀ mu. Odile ò tíì rí tèmi. "Ọkọ mi" lásán ló ń pè mí.

Tọ́ntọ̀n àti èmi la jọ lọ ìrìn àjò àkọ́kọ́. Apẹja kan tó ń jẹ́ Nicolas gbé wa kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, nítorí omi etíkun kún fún yanrìn. Ogún dàmùjáànù la pọn kún, àwọn ìgò ńlá tí wọ́n hun agbọ̀n yí lára. Tọ́ntọ̀n ní ìgò kékeré kan tó máa ń léfòó, tí ìlà pupa wà lára rẹ̀. Bí omi bá jẹ́ ti òkun gidi, ìlà pupa náà ni yóò dúró sí. Bí omi ọ̀sà bá ti dà mọ́ ọn, ìgò yóò rì kọjá ìlà.

"Pípà ti pa ahọ́n mi," ó ní. "Ìgò yìí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Máa mú un lọ́wọ́ nígbàkígbà tó o bá wá."

Ẹja mẹ́fà la gbé wálé, àwọn ẹja pẹlẹbẹ aláwọ̀ ìyeyè, ìlà dúdú márùn-ún lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àdúgbò ló wá wò wọ́n. Tọ́ntọ̀n mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ dé ibẹ̀. Ìyá ki ọwọ́ bọ omi títí dé ìgúnpá. Ẹja kan kàn án níka, ó kígbe bí ọmọdébìnrin. Lẹ́yìn náà ó lá ìka rẹ̀.

"Iyọ̀ ló wà níwájú," ó ní. "Ìkorò ló gbẹ̀yìn, bí ewúro tí wọ́n fọ̀. Grégoire, mo ti dé òkun."

Tọ́ntọ̀n yí ojú sí ògiri. Ó pẹ́ kó tó yí i padà.

Ó yẹ kí n rántí ahọ́n Ìyá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ṣọ̀wọ́n lórí òkè wa. Ẹni tó bá pọn omi dé nílé wa, Ìyá ló kọ́kọ́ ń tọ́ ọ wò kí wọ́n tó dà á sínú àmù. Yóò sọ fún ọ bóyá o dé orísun abẹ́ àpáta tó jìn, tàbí o yà sí kòtò ẹ̀bá ọ̀nà. Mo jẹ ẹgba nítorí rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Ìyá lọ sí Akofodjoulè, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bímọ. Ó ní oṣù méjì lòun ó lò.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì la gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ ìdajì omi. Ìrìn àjò kejì, èmi nìkan ni mo lọ.

Ọkọ̀ Nicolas dojú dé lórí ìgbì. N kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Omi gbé mi, ó yí mi po, ó fi orí mi gbálẹ̀, n kò mọ ibi tí òkè wà mọ́. Nicolas ló fi ìgbànú fà mí jáde bí ẹni fa ewúrẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí yanrìn, mò ń bì, àwọn apẹja ń rẹ́rìn-ín.

"Ará òkè ti mu yó," ni ọ̀kan nínú wọn wí.

Wọ́n bá mi pọn omi náà. Dàmùjáànù mẹ́wàá ni mo mú lọ, méjì ti rì. Nínú ọkọ̀ ojú irin, aṣọ mi ò gbẹ títí a fi kọjá Bohikọ́n, ìlú tó wà láàárín ọ̀nà. Ohun tí mò ń rò kì í ṣe ikú tí mo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín wọn ni.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní gáà, ibùdó ọkọ̀ ojú irin wa, mo yà sí ìsọ̀ Ràṣídì, oníṣòwò aṣọ tó mọ gbogbo ìròyìn ìlú. Ó ka ìgò. "Mẹ́jọ? Méjì dà?"

"Ọkọ̀ dojú dé," mo ní. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí n dúró. "Àwọn apẹja ń ké. Èmi ni mo di Nicolas mú ní ìgbànú, tí mo fà á dé etíkun."

Ràṣídì pàtẹ́wọ́. "Ìwọ! Níbo lo ti kọ́ omi wíwẹ̀? Nínú àmù ìyá ẹ?"

Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á gbọ́. Ìròyìn náà dé ilé ṣáájú mi. Odile kúnlẹ̀, ó gbé omi fún mi.

"Ọkọ mi, mo ti rí orúkọ yín," ó ní. "Má-fòyà."

Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí gbogbo ọjà fi ń pè mí bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn. Mò ń rìn bí ẹni tó gba mẹ́dáyì akọni.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin. Bí ó ṣe ń sún mọ́ gúúsù ni mò ń rántí ìgbì yẹn. Ní Bohikọ́n, ọkọ̀ dúró pẹ́ díẹ̀. Mo rí Lambert, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ẹrù ní gáà. Mo sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ kí i.

"Kútọnu kọ́ nìyí o," ni Lambert wí. "Kí lo ń gbé ìgò sọ̀ kalẹ̀ sí?"

"Inú ń run mí."

"Inú ń run ẹ, àbí ẹ̀rù ń bà ẹ́?"

Mo gbé ìgò tó kù sílẹ̀. Ọkọ̀ fọn fèrè, ó lọ. A jọ jókòó sábẹ́ igi.

"Lambert, ṣebí iyọ̀ ló wà nínú òkun?"

"Iyọ̀ ni iyọ̀," ó ní. "Kí ni ẹja mọ̀?"

A pọn omi nínú kànga àgbàlá rẹ̀. Mo ra iyọ̀ lọ́jà, mo ń fi tíìnì mílíìkì wọ̀n ọ́n, mò ń rò ó, mo sì ń fi ìgò Tọ́ntọ̀n dán an wò. Nígbà tó fi máa tó tíìnì méjì fún dàmùjáànù kan, ìgò náà léfòó, ó dúró gẹ́ẹ́ lójú ìlà pupa. Ohun tí Tọ́ntọ̀n fi lé mi lọ́wọ́ kí wọ́n má bàa tan òun jẹ ni mo fi kọ́ bí màá ṣe tàn án.

Mo sùn sọ́dọ̀ Lambert lọ́jọ́ méjì kí àkókò lè bá ìrìn àjò mu. Mo padà sílé, mo sì ròyìn ìgbì.

Odile ló kọ́kọ́ rí i. "Orogún mi" ló máa ń pe àwọn ẹja náà, nítorí Tọ́ntọ̀n lè jókòó tì wọ́n láti ìrọ̀lẹ́ títí oúnjẹ yóò fi tutù. Ó tilẹ̀ sọ níṣojú gbogbo wa rí pé, "Lọ́jọ́ kan, màá dín àwọn orogún mi wọ̀nyí fún yín jẹ." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Tọ́ntọ̀n rẹ́rìn-ín jù.

"Ọkọ mi Má-fòyà," ó ní, "àwọn orogún mi ò jẹun. Ẹ wò ó, igun kan ni gbogbo wọn kóra jọ sí."

"Ooru ni," mo ní.

Ó gbé ẹní wá síbẹ̀, ó ń fẹ́ rọ́bà ní wákàtí-wákàtí. Ọwọ́ rẹ̀ lé ròrò. Bó ti wù kó rí, méjì kú.

Tọ́ntọ̀n fi ìgò wọn omi. Ìlà pupa. Ó mi orí. "Omi yẹn ti pẹ́ jù. Léonard, yára, lọ mú òmíràn wá."

Ohun tó ń pa wọ́n ló rán mi lọ mú wá láti fi wò wọ́n sàn. Mo mọ̀. Mo búra fún ara mi nínú ọkọ̀ pé n kò ní sọ̀ kalẹ̀ ní Bohikọ́n. Mo di etí ìjókòó mú. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, mo wo ẹnu ọ̀nà, mi ò dìde. Mo gbọ́ fèrè. Mo na àwọn ìgò sí Lambert lójú fèrèsé, mo fò sílẹ̀ nígbà tí kẹ̀kẹ́ ti ń yí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a bá mẹ́rin tó kù lójú omi, ikùn wọn sókè.

Tọ́ntọ̀n yọ pípà lẹ́nu. "Ìyá ń bọ̀ láìpẹ́," ó ní. "Kí ni màá fún un fọwọ́ kàn?" Ó yí àpótí náà ká. "Omi ò lábùkù, mo wọ̀n ọ́n. Afẹ́fẹ́ ò dáwọ́ dúró. Ẹnì kan ló fi nǹkan sí i."

Ó wò mí. Kò bi mí ní nǹkan kan. Wíwò lásán ni. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ó rí àgbàlá Lambert lójú mi, mo sì la ẹnu.

"Tọ́ntọ̀n, mi ò fẹ́ dá ilé rú."

"Sọ̀rọ̀."

"Ìyàwó ń fọṣọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo rí i tó ki ọwọ́ ọlọ́ṣẹ bọ omi yẹn. Mo rò pé eré ló ń ṣe."

Odile wà lẹ́nu ọ̀nà. Pọ́ọ̀ǹpù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti wá fẹ́ rọ́bà.

"Èmi?" ó ní.

"O ti sọ ọ́ rí pé wàá dín wọn," ni Tọ́ntọ̀n wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an.

"Eré ni! Gbogbo ilé ló rẹ́rìn-ín! Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín!" Ó kọjú sí mi. "Ọkọ mi Má-fòyà, ẹ wò mí lójú, kí ẹ tún un sọ."

Mo wò ó lójú. Mo tún un sọ.

Kò sunkún. Ó gbé pọ́ọ̀ǹpù kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin kalẹ̀. Tọ́ntọ̀n ní kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Kèrè, bí òun bá fẹ́ rí i, òun yóò ránṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ó di ẹrù rẹ̀. Mo fẹ́ bá a gbé e dé ojú ọ̀nà. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e karí fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àwọn obìnrin odò ti ní ọ̀rọ̀ sọ. Àgàn tó ń jowú ẹja ni wọ́n ń pè é. Mo gbọ́ ọ létí mi, mo kọjá lọ.

Tọ́ntọ̀n ní kí n fọ àpótí náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ọṣẹ lè kúrò, kí n sì lọ pọn omi tuntun, ó kéré tán ìdajì. Bohikọ́n náà ni mo pọn ọ́n. Nígbà tó bi mí nípa ẹja, mo ní àwọn apẹja ò rí pa.

Ìyá dé lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Kò tíì jókòó tó fi béèrè pé, "Odile dà? Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀."

Tọ́ntọ̀n sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyá gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó na ọwọ́. "Ẹ mú mi dé ibi omi yẹn."

Èmi ni mo mú un lọ́wọ́. Mò ń rìn lọ, mo sì ń rántí ẹgba tí mo jẹ lọ́mọ ọdún mẹ́jọ.

Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó lá a. Ó dúró. Ó tún lá a.

"Omi kànga nìyí," ó ní. "Kànga ilẹ̀ pupa, kì í ṣe ti òkè wa. Wọ́n da iyọ̀ ọjà sí i."

"Ìyá, ìgò mi sọ pé ti òkun ni," ni Tọ́ntọ̀n wí.

"Ìgò ẹ mọ bó ṣe wúwo. Kò mọ bó ṣe rí lẹ́nu. Ti àkọ́kọ́ korò nígbẹ̀yìn. Èyí, omi ọbẹ̀ tí wọn ò fi ata sí ni." Kò tíì jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Ó fún un mọ́ra. "Ta ló pọn ọ́n?"

Mo gbìyànjú láti fa ọwọ́ mi yọ nínú tirẹ̀, ìyẹn sì tó fún afọ́jú.

Mo dojú bolẹ̀. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: ìgbì, ìgbànú, ẹ̀rín àwọn apẹja, kànga Lambert, ọwọ́ ọlọ́ṣẹ tí n kò rí. Nígbà tí mo parí, mo ń retí kí Tọ́ntọ̀n gbá mi. Ó jókòó ni.

"Ẹ̀rù òkun bà ẹ́," ó ní. "Ìyẹn nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Tọ́ntọ̀n."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Ọdún méjìlélógún ni mo fi wà lórí rẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí kò bà mí lẹ́rù."

Ẹgba ì bá sàn ju gbólóhùn yẹn lọ.

Ìyá ló dá ẹjọ́ náà. "Lọ pọn ti òótọ́. Ìgò kan ṣoṣo. Gbé e lọ sí Kèrè, kó o sì fi ẹnu tó o fi parọ́ sọ òótọ́ lójú àwọn òbí rẹ̀."

Mo lọ. Nicolas gbé mi kọjá ìgbì, mo di ìdí ọkọ̀ mú, mo dijú, mo bì lẹ́ẹ̀mejì. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé dàmùjáànù kan náà lórí láti Ìdáàṣà dé Kèrè, kò sí ẹni tí mo jẹ́ kó bá mi gbé e.

Bàbá Odile àti ìyá rẹ̀ jókòó. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́. Odile dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí mo parí, ó wọlé, ó gbé abọ́ àti ọṣẹ jáde. Ó ní kí n da omi náà sí abọ́. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ń fi ọṣẹ ra á, ó ń ra á. Ọṣẹ ò hó. Ìdọ̀tí funfun kan ló ń yọ, ó ń léfòó wínníwínní káàkiri ojú omi bíi wàrà tó bàjẹ́.

"Ẹ wá wò ó," ó sọ fún bàbá rẹ̀. "Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ká ní mo ki ọwọ́ ọlọ́ṣẹ bọ omi òkun, ohun tí gbogbo ilé ì bá rí nìyí. Kò sẹ́ni tó wò bóyá ó wà níbẹ̀." Ó kọjú sí mi. "Wọ́n gba ọ̀rọ̀ ẹ gbọ́." Ó nu ọwọ́ sí aṣọ rẹ̀. "Dìde, Léonard. O ti jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán ẹ. Máa lọ."

Ìyá rẹ̀ yára wò ó. Ìyàwó ilé wa ló dárúkọ mi yẹn, ó sì sọ "o" fún mi. Kò bẹ̀bẹ̀. Kò tún un ṣe.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Tọ́ntọ̀n fi ń lọ bẹ̀bẹ̀ ní Kèrè kí Odile tó gbà láti padà. Ó ti bí ọmọbìnrin kan báyìí. Ìyá Ẹ̀ta kú lọ́dún tó kọjá, kò sì tún fọwọ́ kan omi òkun kó tó kú, nítorí Tọ́ntọ̀n ò kún àpótí náà mọ́. Àgbàdo irúgbìn ló wà nínú rẹ̀. Odile ń kí mi, ó ń fún mi lóúnjẹ, kò sì tíì bú mi rí. "Léonard, bá mi sọ igi yẹn kalẹ̀." "Léonard, oúnjẹ ti wà nílẹ̀." Bí ẹni ń pe àlejò ló ń pè é.

Ṣùgbọ́n láàárín ọjà, ọdún mẹ́rin gbáko, kò sí ẹni tó mọ̀. Ìtìjú ò jẹ́ kí Tọ́ntọ̀n sọ ọ́, ẹ̀rù ò sì jẹ́ kí èmi sọ ọ́. Bí mo bá ń kọjá, Ràṣídì á ké láti ìsọ̀ rẹ̀ pé, "Má-fòyà! Ará òkun!" Mo máa ń dáhùn. Bí Odile bá wà nítòsí, á dúró díẹ̀, á gbọ́ bí mo ṣe dáhùn, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé yìí nìyẹn. Ràṣídì, o mọ̀wé kà, gbogbo ọjà ló sì máa ń gbọ́ ohun tó o bá kà. Kà á sókè fún wọn. Nicolas ló fà mí jáde nínú omi. Odile ò fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ kan nǹkan kan. Láti òní lọ, ẹ jọ̀wọ́, Léonard ni kí ẹ máa pè mí.